Òòrùn yìí náà máa kú o! Olórin àti oníṣòwò aṣọ ló kọ́kọ́ tú àṣírí bí ìràwọ̀ ṣe ń kú

Òòrùn tí gbogbo ayé ń sá sábẹ́ ibòòji fún lọ́sàn-án gangan yìí, tó ń gbẹ aṣọ, tó ń gbẹ èlùbọ́, tó ń mú kí awakọ̀ máa nu ojú nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò kú. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ wòlíì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ babaláwo. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi gbogbo òru wo sánmà ni, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù o, nítorí ó ṣì tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 ọdún sí àsìkò yìí. Ṣùgbọ́n bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ náà, fọ́tò rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ìdí ni pé kì í ṣe òòrùn yìí ni yóò kọ́kọ́ kú. Àwọn ìràwọ̀ tó ń tàn lóru, òòrùn ni àwọn náà, ọ̀nà jíjìn tí wọ́n wà ló sọ wọ́n di kékeré lójú wa. Àwọn kan nínú wọn ti darúgbó, wọ́n sì ti bọ́ aṣọ ara wọn sílẹ̀. Aṣọ tí wọ́n bọ́ yẹn, tó rí bí èéfín tó ń tàn, ni àwọn òyìnbó ń pè ní planetary nebula. Ó lé ní 3,000 tí wọ́n ti rí nínú agbo ìràwọ̀ tiwa yìí nìkan.

Ẹni tó bá wá rò pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ títí di òní, àwọn èèyàn tó níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, tí wọ́n kàn fẹ́ràn sánmà, ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn tí àwọn ọ̀gá ń gbà wọlé.

Orúkọ tí kò bá a mu

Ní Paris, nílẹ̀ Faransé, lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lóṣù keje ọdún 1764. Charles Messier ń wá ìràwọ̀ onírù kiri, àfi bó ṣe rí nǹkan kan tó rí bí òwú. Kò nírù, kò sì kúrò lójú kan. Messier kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà 27, kó má baà tún tan òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ òun jẹ. Kò mọ̀ pé planetary nebula àkọ́kọ́ tí ọmọ aráyé máa rí lòun rí yẹn. Nígbà tó di ọdún 1779, Antoine Darquier tó wà ní Toulouse, nílẹ̀ Faransé kan náà, rí òmíràn tó rí roboto. Ó ní ó jọ plánẹ́ẹ̀tì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń kú lọ.

Ẹni tó wá fún wọn lórúkọ ni William Herschel. Ọmọ Jámánì ni, ìlú Hanover ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1738, orin ló sì fi ń jẹun nígbà tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nílùú Bath, òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń kọ́ ọmọ olówó lórin, òun náà ló ń darí àwọn akọrin. Tó bá ti di alẹ́, táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti lọ sùn, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà lọ láti lọ wo ìràwọ̀. Owó tí yóò fi ra tẹlisíkóòpù ńlá, ìyẹn awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá ní òun yóò ṣe é fúnra òun.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Caroline, ló wá jẹ nínú ìyà ọ̀hún jù. Ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ dùn, tó ti ń kọrin níwájú èrò, òun ló wá ń gún ìgbẹ́ ẹṣin nínú odó, tó tún ń jọ̀ ọ́ bí ẹni ń jọ èlùbọ́, kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò fi mọ ibi tí wọ́n fẹ́ da idẹ yíyọ́ sí. Idẹ yìí ni wọ́n ń dán títí tí yóò fi di dígí. Ìgbà kan wà tí Herschel dán an fún wákàtí 16 láìgbọ́wọ́ kúrò, Caroline ló ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Ìyà náà ò já sásán. Lálẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1781, olórin yìí rí plánẹ́ẹ̀tì Uranus, èyí tẹ́nì kan kò mọ̀ pé plánẹ́ẹ̀tì ni tẹ́lẹ̀. Ariwo ta káàkiri Yúróòpù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ọba George Kẹta ní kó máa gba £200 lọ́dún, ni Herschel bá fi iṣẹ́ orin sílẹ̀. Àmọ́ owó ọba ò ní kí ewu má wu ni. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1783, tí yìnyín bolẹ̀, Caroline ń sáré nínú òkùnkùn láti jíṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán an nídìí ẹ̀rọ náà. Ìkọ́ irin ńlá kan kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ lókè orúnkún, nígbà tí wọ́n sì máa fi yọ ọ́, ẹran ara rẹ̀ kù síbẹ̀.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Herschel ń rí àwọn nǹkan roboto kan, tí àwọ̀ wọn fẹ́ jọ ewé, tí wọ́n jọ Uranus tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Nítorí ìjọra yìí ló ṣe sọ wọ́n ní planetary nebula, bí ẹni pé kùrukùru tó jọ plánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀, wọn ò bá plánẹ́ẹ̀tì tan rárá. Ọ̀rọ̀ náà dà bíi ti Àgùàlà tó ń bá òṣùpá rìn, tí àwọn baba wa sọ pé ajá òṣùpá ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára. Bákan náà ni orúkọ tí Herschel sọ nǹkan yìí kò ṣe kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ìràwọ̀ kan ló yí ọ̀gá lérò padà

Herschel ti gbà tẹ́lẹ̀ pé gbogbo kùrukùru tó wà lójú sánmà, ìràwọ̀ tó pọ̀ bí iyanrìn ni, ọ̀nà ló jìn tí wọ́n fi dàpọ̀ mọ́ra. Ṣé tí èèyàn bá wo èrò ọjà láti orí òkè, kò lè mọ orí ẹnì kan yàtọ̀ sí tẹnì kejì.

Àfi lálẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1790. Ó rí ìràwọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo tó jókòó sáàárín gbùngbùn, tí ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ sì yí i ká bí òrùka. Tó bá jẹ́ pé ìràwọ̀ tó jìnnà ni ìmọ́lẹ̀ yẹn, báwo ni ìràwọ̀ àárín ṣe tóbi jù wọ́n lọ tó bẹ́ẹ̀? Tó bá sì jẹ́ pé ìràwọ̀ kan ni, a jẹ́ pé ohun tó yí i ká kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Bí ọ̀gá ṣe gbà pé ohun tóun ti ń sọ bọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó ní nǹkan mìíràn tó ń tàn ló wà níbẹ̀. Kí wá ni nǹkan ọ̀hún? Títí tí Herschel fi kú lọ́dún 1822, kò rí ìdáhùn sí i.

Ọlọ́jà aṣọ gba iṣẹ́ náà ṣe

Ẹni tó dáhùn ìbéèrè yẹn kò lọ yunifásítì. William Huggins ni, ọmọ ìlú London, tí òwò aṣọ síliìkì jẹ́ iṣẹ́ ilé wọn. Ó bá wọn tajà dáadáa títí tó fi lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, lẹ́yìn náà ló ta ṣọ́ọ̀bù, tó kó lọ sí Tulse Hill, ìtòsí Brixton tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London mọ̀ dáadáa. Ó wá kọ́ ilé tẹlisíkóòpù síbẹ̀, ó ní sánmà lòun fẹ́ fi ìyókù ayé òun wò.

Aládùúgbò rẹ̀ kan, William Allen Miller, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì. Àwọn méjèèjì so ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní spectroscope mọ́ tẹlisíkóòpù. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ni pé ó máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká sí oríṣiríṣi àwọ̀ bí òṣùmàrè. Tó bá jẹ́ ìràwọ̀, òṣùmàrè gbọọrọ tó ní ìlà dúdú-dúdú ni yóò jáde. Tó bá jẹ́ gáàsì tó gbóná, ìlà tó ń tàn bíi mélòó kan péré ni.

Lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1864, Huggins kọjú ẹ̀rọ náà sí planetary nebula kan tí wọ́n ń pè ní Ojú Ológbò lónìí. Ó fojú sí i, ìlà ẹyọ kan ló rí, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ewé tútù. Ó kọ́kọ́ rò pé nǹkan ti yẹ̀ lára ẹ̀rọ ni. Nígbà tó wò ó dáadáa, ó rí i pé ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Gáàsì ni! Àríyànjiyàn tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọlọ́jà aṣọ parí rẹ̀ lóru ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán síbẹ̀ o. Ìlà tó dà bí ewé yẹn kò bá ohunkóhun tí wọ́n mọ̀ láyé mu. Wọ́n ní ohun tuntun kan ló gbọ́dọ̀ wà lọ́hùn-ún, wọ́n sì sọ ọ́ ní nebulium. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí nebulium fi ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú. Ọdún 1927 ni Ira Bowen, ará Amẹ́ríkà, tó fọ̀rọ̀ náà hàn kedere: kò sóhun tó ń jẹ́ nebulium. Ọ́síjìn tí à ń mí sínú lójoojúmọ́ yìí náà ni! Gáàsì tó wà lọ́hùn-ún ló fẹ́lẹ́ ju ohunkóhun tó wà lórílẹ̀ ayé lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ́síjìn rí àyè tàn lọ́nà tí kì í gbà tàn lọ́dọ̀ wa.

Bí ìràwọ̀ ṣe ń kú rèé

Ìràwọ̀ dà bí ààrò tí iná ń jó nínú rẹ̀. Háídírójìn ni igi ìdáná rẹ̀. Òòrùn wa ti ń jó tirẹ̀ láti bíi bílíọ̀nù 4.6 ọdún sẹ́yìn, ó sì ṣì ní tó bẹ́ẹ̀ tó kù. Tí háídírójìn àárín bá tán, ìràwọ̀ kò ní kú lẹ́sẹ̀ kan náà. Wíwú ni yóò máa wú, yóò pọ́n, yóò tóbi kọjá ààlà. Òòrùn yóò gbé plánẹ́ẹ̀tì Mercury mì, yóò gbé Àgùàlà náà mì. Bóyá ilẹ̀ ayé náà á bá a lọ ni, bóyá kò ní bá a lọ, ẹ̀dá alààyè kankan kò ní sí níbẹ̀ mọ́ nígbà yẹn, nítorí ooru á ti lé gbogbo omi lọ tipẹ́tipẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìràwọ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ara òde rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀. Gáàsì yẹn á máa lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 20 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó máa kù láàárín ni kóró ìràwọ̀, tí kò tóbi ju ilẹ̀ ayé lọ, ṣùgbọ́n tó wúwo débi pé ṣíbí ìmùkọ kan nínú rẹ̀ á wọn ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù. Kóró yìí gbóná kọjá sísọ, ti àwọn kan ju 100,000 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Ìtànṣán rẹ̀ ló ń mú kí gáàsì tó yí i ká máa tàn. Ìgbà tó bá tutù, tí gáàsì sì fọ́n ká, ó parí. Gbogbo ẹ̀ kì í kọjá ẹgbàárùn-ún ọdún lọ́nà bíi mélòó kan, èyí tó dà bí ìṣẹ́jú kan nínú ọjọ́ ayé ìràwọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi pọ̀ lójú sánmà.

Fọ́tò tó ń gba oorun lójú èèyàn

Ẹni tó bá fi ojú lásán wo inú tẹlisíkóòpù kékeré, kó má retí àwọ̀ mèremère tó ń rí nínú ìwé. Èéfín funfun báyìí ni yóò rí. Ojú èèyàn kì í kó ìmọ́lẹ̀ pamọ́, kámẹ́rà ló ń kó o pamọ́. Jenő Gothard, ọmọ orílẹ̀-èdè Hungary tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé tẹlisíkóòpù, fi èyí hàn lọ́dún 1886. Fọ́tò tó yà ló gbé kóró ìràwọ̀ tó wà láàárín nẹ́búlà Òrùka jáde, nẹ́búlà kan náà tí Darquier rí ní Toulouse.

Lóde òní, ẹni tó fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ tẹlisíkóòpù tó ń fi mọ́tò yí, nítorí ayé ń yí, tí ẹ̀rọ ò bá sì bá a yí, ìràwọ̀ á kàn fa ìlà gbọọrọ sínú fọ́tò ni. Kámẹ́rà rẹ̀ máa ń tutù ju yìnyín lọ, kí àmì wínníwínní má baà ba fọ́tò jẹ́. Ẹyọ fọ́tò kan lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá, yóò sì yà á ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nígbà mìíràn fún òru mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà yóò tò wọ́n lé ara wọn. Bí àjọ tí àwọn oníṣòwò ń dá ló rí: owó ẹnì kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ bá papọ̀, ó tó ra ilẹ̀.

Fílítà wá ni olórí ọ̀rọ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ pupa ti háídírójìn nìkan ló ń jẹ́ kó wọlé, òmíràn sì wà fún ìlà ọ́síjìn tí Huggins rí lọ́jọ́sí. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ yòókù, títí kan púpọ̀ nínú iná títì, ìta ni wọ́n máa dúró sí. Èyí ló jẹ́ kí ẹni tó ń gbé àárín ìlú ńlá lè ya òkú ìràwọ̀ láti orí bákónì ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n fílítà kò lè lé kùrukùru òjò lọ. Nílẹ̀ Yorùbá, nọ́ńbà 27 ti Messier máa ń kọjá lókè orí lálẹ́ oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, ìgbà òjò sì nìyẹn. Ẹni tí kò bá rí i á dúró de nẹ́búlà Helix, tó máa ń wà lókè dáadáa lálẹ́ oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, nígbà tí òjò ti ń dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò sì tíì dé.

Ohun tí ọ̀gá kò rí

Wàhálà yìí kì í ṣe ti fọ́tò tó rẹwà nìkan. Dave Jurasevich, ará California nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń ya agbègbè kan tí àwọn oníkámẹ́rà ti yà títí tó fi sú wọn. Nínú fọ́tò tó yà lọ́jọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2007, nǹkan roboto kan wà níbẹ̀ bí ìfófó ọṣẹ tí ọmọdé fẹ́ sókè. Ó tún yà á lọ́jọ́ 6 oṣù keje ọdún 2008, nǹkan náà kò kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, àwọn aláfẹ́ méjì mìíràn, Keith Quattrocchi àti Mel Helm, yà á láìmọ̀ pé ẹnì kan ti ṣáájú àwọn. Planetary nebula tuntun ni. Láti ìgbà tí ayé ti ń wo ibẹ̀, ẹnì kankan kò kà á sí nǹkan.

Ti Matthias Kronberger, ọmọ Austria, tún ya èèyàn lẹ́nu jù. Fọ́tò sánmà tí àwọn mìíràn ti yà tẹ́lẹ̀ lòun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tú wò lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ibẹ̀ ló ti rí èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, Kronberger 61. Lọ́dún 2011, tẹlisíkóòpù ńlá Gemini tó wà ní Hawaii ya fọ́tò rẹ̀, àfi bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń gbá lórí pápá!

Ní 2021 ni ti Marcel Drechsler, ọmọ Jámánì, àti Xavier Strottner, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tún wá jáde. Inú fọ́tò sánmà àtijọ́ ni àwọn náà ti rí kùrukùru ńlá kan tó yí ìràwọ̀ méjì ká. Stefan Kimeswenger, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì Innsbruck, àtàwọn mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé aṣọ kan ṣoṣo ni ìràwọ̀ méjèèjì jọ wọ̀ kí wọ́n tó bọ́ ọ sílẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ìbéèrè tó ń da àwọn ọ̀gá láàmú ni ìdí tí nẹ́búlà púpọ̀ kì í fi í rí roboto. Òmíràn rí bí labalábá, òmíràn bí agogo. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ló ti ń gbà báyìí pé ìràwọ̀ kejì tó ń yí àkọ́kọ́ ká ló sábà máa ń fa aṣọ náà ya.

Kí ló wá kàn wá ńbẹ̀?

Ó kàn wá dáadáa. Èédú tí à ń fi dáná, ṣúgà inú tíì, ẹran ara èèyàn, kábọ̀nù wà nínú gbogbo wọn. Inú ìràwọ̀ ni wọ́n ti se kábọ̀nù, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ pé irú ìràwọ̀ tó ń kú lọ́nà yìí ló fẹ́ ẹ síta kí òòrùn àti ayé tó wà rárá. Òkú ìràwọ̀ àtijọ́ wà lára gbogbo ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Àwọn onímọ̀ kan ti ń ṣiyè méjì tẹ́lẹ̀ bóyá òòrùn wa tóbi tó láti ní planetary nebula tirẹ̀. Wọ́n ní yóò kàn kú wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, láìsí ìmọ́lẹ̀ tẹ́nì kan máa rí. Ṣùgbọ́n ìṣirò tuntun tó jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé òòrùn á ní tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní mọ́lẹ̀ púpọ̀. Díẹ̀ ló kù kó má kúnjú ìwọ̀n.

Kò ní sí ẹnì kankan lórílẹ̀ ayé yìí láti yà á. Ṣùgbọ́n tó bá ṣe pé ẹ̀dá kan wà níbòmíràn nígbà náà, tó parí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, tó gbé tẹlisíkóòpù sí ẹ̀yìnkùlé, yóò rí èéfín roboto kékeré kan lójú sánmà. Bóyá òun náà á tún sọ ọ́ lórúkọ tí kò bá a mu.